Kí oníṣòwò Dópẹmu tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ: iṣẹ́ ẹnjiníà tó yẹ kó kọ́kọ́ sanwó fún

Ní àwọn òpópónà tó wọnú láti Dópẹmu lọ sí ọ̀nà Akówonjọ, ó ṣòro kí ilé mẹ́ta tẹ̀ léra wọn kí táǹkì omi má wà lórí ọ̀kan nínú wọn. Onílé gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tirẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì gbẹ́ tirẹ̀, ilé-ìwé aládàáni gbẹ́ tirẹ̀, ẹni tó ń fọ mọ́tò lẹ́bàá títì náà gbẹ́ tirẹ̀. Àwọn tí kò lágbára àtigbẹ́ ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, kéègì lórí kéègì. Kò sí oníṣòwò kékeré ládùúgbò náà, ìbáà jẹ́ olóúnjẹ, onídìrí, alágbàfọ̀ tàbí ẹni tó ń ṣe omi inú ọ̀rá, tí ọ̀rọ̀ omi kò sí nínú ìṣirò owó rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kì í fi sínú ìṣirò ni owó ẹnjiníà. Wọ́n á pe àwọn agbẹ́-kànga, wọ́n á dúnàá-dúrà, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n gbà pé ẹni tó ni ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ náà ló mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí, bó ṣe yẹ kó jìn tó àti irú pọ́ǹpù tó yẹ kí wọ́n rà. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń bá omi lọ. Lórí ilẹ̀ tó há bíi ti Dópẹmu, ẹni tó kọ́kọ́ sanwó fún ìwọ̀n àti àyẹ̀wò, tó sì bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ dáwó jọ gbẹ́ ẹyọ kan tó péye, yóò jèrè ju ẹni tó sáré gbẹ́ tara rẹ̀ lọ.

Kò ṣòro láti mọ ìdí tí wọ́n fi ń sáré. Olóúnjẹ tó ń lo kéègì 20 lójúmọ́, tí kéègì kọ̀ọ̀kan gba lítà 25, ń lo lítà 500. Bó bá ń tajà lọ́jọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, kéègì 6,240 ni yóò rà láàárín ọdún kan, ìyẹn lítà 156,000. Kí ó fi iye tó ń ra kéègì kan lónìí sọ 6,240 di púpọ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kò tíì ṣe ìṣirò yìí rí, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni owó náà ń jáde lápò. Ẹni tó bá ṣe é tán kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń gbẹ́ kànga.

Bẹ́ẹ̀, Dópẹmu kò jìnnà sí orísun omi ìjọba. Ọdún 1910 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ilé-iṣẹ́ omi Ìjú, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 1915 nígbà ayé Lugard, kí àwọn tó ń gbé Ìkòyí lè rí omi tó mọ́ lò. Ilé-iṣẹ́ omi Adìyàn, tí wọ́n kọ́ kó lè máa pèsè mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù 70 lójúmọ́, tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Àmọ́ ilé yára ju páìpù lọ. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì yarí pé wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Títí páìpù yóò fi dé ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé, abẹ́ ilẹ̀ ni oníṣòwò yóò ti máa wá omi.

Ihò méjì lórí pulọ́ọ̀tì kan

Abẹ́ ilẹ̀ kan náà ni sọ́kàwéè wà. Pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan ní Èkó sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn, bíi mítà 18 sí 36. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ omi ń tẹ̀ lé káàkiri àgbáyé ni pé kí ó kéré tán mítà 30 wà láàárín kànga àti ṣáláńgá tàbí sọ́kàwéè. Onílé tó gbẹ́ sọ́kàwéè sí ìkángun ẹ̀yìnkùlé, tó sì gbẹ́ kànga sẹ́nu géètì, lè fi agbára káká rí mítà 30 náà. Ti aládùúgbò ńkọ́? Fẹ́ǹsì kì í dá omi abẹ́lẹ̀ dúró. Ẹni tó jẹ́ pé ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ló ní, tí ilé mẹ́ta sì yí i ká, kò sí ibi tó lè fẹsẹ̀ tẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀ tí kò ní sún mọ́ sọ́kàwéè ẹnì kan.

Mítà 30 kì í kúkú ṣe òògùn. Iyanrìn tó fẹ̀ lójú máa ń jẹ́ kí omi ìdọ̀tí rìn jìnnà, amọ̀ sì máa ń dá a dúró. Kànga tó jìn, tó gba abẹ́ ìpele amọ̀ kọjá, tí wọ́n sì di ẹnu rẹ̀ dáadáa, lè wà nítòsí kó má sì ní àbùkù, nígbà tí èyí tí kò jìn lè bàjẹ́ bó tilẹ̀ wà ní mítà 40. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú lásán yan ibi tí wọn yóò gbẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní London lọ́dún 1854 ṣì ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti òpin oṣù kẹjọ wọ oṣù kẹsàn-án, kọ́lẹ́rà pa ènìyàn tó lé ní 600 ní àdúgbò Soho. Dókítà John Snow fi àmì sí orí máàpù níbi tí àwọn òkú ti jáde, ó sì rí i pé ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street ni wọ́n yí ká. Broad Street ti London ni o, kì í ṣe tiwa tó wà ní Erékùṣù Èkó. Wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wò lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kòtò ìgbẹ́ ilé kan ni wọ́n bá tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí kànga náà, bíríkì ara rẹ̀ sì ti jẹ. Omi ọ̀hún mọ́ lójú, ó sì dùn lẹ́nu. Obìnrin kan tó ti kó kúrò ní Soho lọ sí Hampstead fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń ránni lọ bù ú wá. Ó mu ún, ó sì kú.

Èkó náà kò tíì bọ́ lọ́wọ́ àrùn yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà, ó sì gba ẹ̀mí àwọn ènìyàn. Kò sí ohun tó ń lé oníbàárà kúrò lẹ́nu ọ̀nà olóúnjẹ tàbí ẹni tó ń ta ohun mímu bíi kí wọ́n ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni inú-rírun ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹnjiníà ń ṣe kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀

Ilẹ̀ Èkó yàtọ̀ sí ilẹ̀ Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn, níbi tí àpáta wà nísàlẹ̀, tí wọ́n lè gbẹ́ títí kí wọ́n má kan omi. Iyanrìn àti amọ̀ ló to léra wọn ní abẹ́ Dópẹmu bí ẹní lórí ẹní, omi sì wà nínú àwọn ìpele iyanrìn náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, agbẹ́-kànga tó bá pariwo pé "a ti kan omi" kò purọ́. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó ń sanwó bi í ni pé omi wo? Ìpele omi àkọ́kọ́ ni gbogbo sọ́kàwéè àdúgbò ń ṣàn sí. Bí ẹni tó ń gbẹ́ ẹ bá dúró níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, ó ti gba owó rẹ̀, oníṣòwò ni yóò sì máa fa omi sọ́kàwéè sínú táǹkì.

Iṣẹ́ onímọ̀ nípa omi abẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ọkọ̀ ìgbẹ́lẹ̀ tó dé. Yóò gún irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ ní ìlà kan, yóò fi wáyà so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tó ń rán iná sínú ilẹ̀, yóò sì máa sún àwọn irin náà jìnnà síra wọn díẹ̀díẹ̀. Bí iná náà ṣe ń kọjá ni yóò fi mọ ibi tí iyanrìn wà àti ibi tí amọ̀ wà. Nílẹ̀ olókùúta, wíwá omi ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní Dópẹmu, amọ̀ ni wọ́n fi ń wá: ìpele amọ̀ tó nípọn, tó lè ya omi ìdọ̀tí òkè sọ́tọ̀ kúrò lára omi tó mọ́ nísàlẹ̀.

Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́, ẹnjiníà tàbí aṣojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ní gbogbo mítà mẹ́ta, wọn yóò bu erùpẹ̀ tó ń jáde, wọn yóò tò ó sílẹ̀ ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, wọn yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé yẹn ni yóò sọ ibi tí wọn yóò ti fi páìpù oníhò wẹ́wẹ́ sí, èyí tí omi ń gbà wọlé. Páìpù tí kò níhò ni wọ́n ń lò ní gbogbo ìpele òkè. Wọn yóò da òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti fọ̀ yí páìpù oníhò náà ká kí iyanrìn má baà wọlé, lẹ́yìn náà ni wọn yóò da sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi omi pò sí àyè tó wà láàárín páìpù àti ara ilẹ̀, láti ibi ìpele amọ̀ títí dé òkè. Sìmẹ́ńtì yìí ni ọ̀pọ̀ agbẹ́-kànga máa ń fò, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè rí i lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Bí kò bá sí níbẹ̀, omi ìdọ̀tí òkè yóò gba ẹ̀gbẹ́ páìpù ṣàn wọ ìsàlẹ̀, jíjìn tí wọ́n jìn sì di asán. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní ìlànà tirẹ̀ fún gbígbẹ́ kànga ẹ̀rọ, èyí tí Àjọ SON gbé jáde lọ́dún 2010. Ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fúnni lè kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ìlànà náà ni wọn yóò tẹ̀ lé.

Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò fífà. Wọn yóò máa fa omi náà láìdáwọ́dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á sì máa wọn bí omi inú kànga ṣe ń lọ sílẹ̀ tó àti bó ṣe ń yára padà wá lẹ́yìn tí wọ́n bá dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá ra pọ́ǹpù láìṣe àyẹ̀wò yìí dà bí ẹni tó ra bàtà láìmọ iye ẹsẹ̀ rẹ̀. Pọ́ǹpù tó lágbára ju kànga lọ yóò fa omi tán, yóò máa yí lórí òfìfo, yóò sì jóná. Aráyé á wá ní ayé ló ṣe é.

Ìṣirò pọ́ǹpù àti táǹkì

Bí ilé mẹ́wàá tí ènìyàn 100 ń gbé bá para pọ̀, tí wọ́n sì ṣírò lítà 50 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, lítà 5,000 nìyẹn. Kí olóúnjẹ kan fi 500 kún un, kí alágbàfọ̀ fi 1,200 kún un, kí onídìrí fi 300 kún un, ó di lítà 7,000. Bí àyẹ̀wò fífà bá fi hàn pé kànga náà lè mú lítà kan wá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan láìsí wàhálà, lítà 3,600 ni ní wákàtí kan. Wákàtí méjì péré ni wọn yóò fi fa omi ọjọ́ kan.

Bí àpapọ̀ gíga tí omi yóò gùn láti inú kànga títí dé ẹnu táǹkì bá jẹ́ mítà 60, pọ́ǹpù tó jẹ́ hóòsì páwà kan àtààbọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Yóò jẹ iná tó bíi wọ́ọ̀tì 1,200, ìyẹn nǹkan bíi yúníìtì méjì àtààbọ̀ lójúmọ́ fún ilé mẹ́wàá pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Kí ilé mẹ́wàá náà wá ní pọ́ǹpù mẹ́wàá, jẹnẹrétọ̀ mẹ́wàá àti ihò mẹ́wàá, òfò pọ́ńbélé ni. Ohun kan tún wà níbẹ̀: nígbà tí pọ́ǹpù bá fẹ́ gbéra, ó lè fa iná tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà èyí tó ń lò bó bá ti ń yí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé e. Ọ̀pọ̀ ti jó mọ́tò pọ́ǹpù níbi tí wọ́n ti ń fi tipátipá gbìyànjú rẹ̀.

Táǹkì náà ń fẹ́ ẹnjiníà. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan, nítorí náà táǹkì méjì onílítà 5,000 tó kún fọ́fọ́ jẹ́ tọ́ọ̀nù 10, bí ìgbà tí wọ́n to mọ́tò kékeré méje léra wọn sórí òpó mẹ́rin. Wẹ́dà àdúgbò lè mọ irin jó dáadáa, ṣùgbọ́n ta ló ṣírò ìpìlẹ̀ tí àwọn òpó náà dúró lé lórí iyanrìn tí òjò rin? Kí òpó náà má sì kúrú jù nítorí owó: mítà mẹ́wàá ní gíga ló ń fún omi ní agbára tí ó fi ń jáde dáadáa ní ṣáwà àti nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Ohun tí omi gbé wá

Omi inú iyanrìn Èkó sábà máa ń ní ásíìdì díẹ̀, ó sì máa ń ní áyọ́ọ̀nù nínú. Ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà, NIS 554, ní kí pH rẹ̀ wà láàárín 6.5 àti 8.5, kí áyọ́ọ̀nù má ju mílígíráàmù 0.3 lọ nínú lítà kan, kí nitrate má ju 50 lọ, kó má sì sí ẹyọ kòkòrò E. coli kan nínú mílílítà 100. Omi tó ní ásíìdì máa ń jẹ páìpù onírin àti ara pọ́ǹpù tí kì í ṣe ojúlówó, ìdí rèé tí páìpù oníke fi dára jù. Áyọ́ọ̀nù kì í pa ènìyàn, àmọ́ ó lè pa iṣẹ́ alágbàfọ̀. Omi náà yóò jáde ní mímọ́ gaara, tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i ni yóò pọ́n, aṣọ funfun oníbàárà á sì di aláwọ̀ ìpẹtà. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí wọ́n jẹ́ kí omi náà já bọ́ láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè dà pọ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n jẹ́ kó silẹ̀, kí wọ́n sì fi iyanrìn sẹ́ ẹ. Fún ásíìdì, wọ́n máa ń jẹ́ kó gba orí òkúta ẹfun kọjá.

Nitrate ni kí wọ́n fojú sí jù. Bó bá ga, àmì ni pé omi sọ́kàwéè ti dé inú kànga. Síse kì í mú un kúrò, ńṣe ló tún ń ki sí i bí omi ṣe ń gbẹ, ó sì léwu fún ọmọ-ọwọ́ tí wọ́n ń fi omi náà po oúnjẹ fún. Ti kòkòrò àrùn ni kílórìn lè ká. Fún táǹkì onílítà 5,000, bíi gíráàmù 15 lẹ́búlẹ́bú kílórìn tó jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń fún lítà kọ̀ọ̀kan ní mílígíráàmù méjì. Bó ṣe yẹ kó tó gan-an, àyẹ̀wò ni yóò sọ ọ́, kí wọ́n sì fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Kí wọ́n gbé omi náà lọ sí láábù nígbà tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tán, kí wọ́n sì tún máa gbé e lọ lọ́dọọdún, pàápàá lásìkò òjò.

Ìwé, owó àti ẹni tí wọ́n ń gbéṣẹ́ fún

Kí ẹnjiníà tó ya àwòrán, tó sì ń bójú tó iṣẹ́, má jẹ́ ẹni kan náà pẹ̀lú agbẹ́-kànga. Ẹni tó ń fi mítà gbowó kò lè jẹ́ ẹni tí yóò sọ pé mítà ti tó. Wọ́n lè béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ẹnjiníà lọ́dọ̀ COREN, kí wọ́n sì béèrè ti onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti omi abẹ́lẹ̀ lọ́dọ̀ COMEG. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ojúlówó kì í bínú bí wọ́n bá béèrè. Kí owó máa jáde ní ìpele-ìpele: lẹ́yìn ìwọ̀n, lẹ́yìn gbígbẹ́, lẹ́yìn àyẹ̀wò fífà, lẹ́yìn èsì láábù. Kí wọ́n sì di bíi náírà márùn-ún mú nínú ọgọ́rùn-ún títí oṣù mẹ́fà yóò fi kọjá, kí àbùkù tó bá yọjú lè ní ẹni tí yóò tún un ṣe.

Láàárín àwọn tó dáwó, kí ìwé àdéhùn wà kí wọ́n tó da náírà kan sílẹ̀. Orí ilẹ̀ ta ni kànga wà? Bí onílẹ̀ bá kú tàbí tó tà á ńkọ́? Ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́? Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, CDA, lè jẹ́ ẹlẹ́rìí, kó má sì di olówó orí rẹ̀. Kí mítà wà lẹ́nu páìpù ilé kọ̀ọ̀kan, nítorí pé alágbàfọ̀ àti opó tó ń dá gbé kò lè máa san iye kan náà, ìjà ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Iye tí wọ́n ń san gbọ́dọ̀ kárí iná, kílórìn, láábù àti owó pọ́ǹpù tuntun. Bí wọ́n bá rò pé pọ́ǹpù yóò lo ọdún márùn-ún, kí wọ́n pín iye rẹ̀ sí ọ̀nà 60, kí ìdá kan máa wọ báńkì lóṣooṣù, kí wọ́n sì máa tún un ṣírò bí ọjà bá ṣe ń wọ́n. Ibi tí ọ̀pọ̀ kànga ìta gbangba kú sí nìyí: wọ́n ṣí i pẹ̀lú ìlù àti ijó, kò sì sí kọ́bọ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ tí pọ́ǹpù jóná.

Ẹni tó bá fẹ́ máa ta omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ bá àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ omi ní ìpínlẹ̀ Èkó, LSWRC. Ti omi inú ọ̀rá, NAFDAC kò ní fọwọ́ sí i láìjẹ́ pé wọ́n yẹ ibẹ̀ wò.

Omi tó wọlé gbọ́dọ̀ jáde

Nínú lítà 7,000 tó gòkè wá lójúmọ́, bíi 5,600 ni yóò tún di omi ìdọ̀tí. Lọ́dún kan, ó lé ní mílíọ̀nù lítà méjì. Ibo ni yóò gbà? Òfin Èkó kò fàyè gba kí wọ́n tú omi ilé ìgbẹ́ sínú gọ́tà, iléeṣẹ́ tó ń rí sí omi ìdọ̀tí, LSWMO, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2010, sì ń mú àwọn tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Kódà lójú òwò lásán, ẹni tó ń da omi ìdọ̀tí sílẹ̀ lórí kànga ara rẹ̀ ń ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́.

Ní Alímọ̀ṣọ́ kan náà, ní ẹ́síteéètì Abẹ́sàn tí wọ́n kọ́ nígbà ìjọba Lateef Jakande, wọ́n fi ibi ìtọ́jú omi ìdọ̀tí sí i, kí ilé kọ̀ọ̀kan má baà máa gbẹ́ kòtò tirẹ̀. Dópẹmu kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ìjọba nìkan ló lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní Orangi, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní ìlú Karachi lórílẹ̀-èdè Pakistan, Akhtar Hameed Khan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan lọ́dún 1980. Àwọn ilé bíi 20 sí 30 tó wà ní òpópónà kan yóò yan aṣojú, wọn yóò dáwó, wọn yóò sì ri páìpù omi ìdọ̀tí tiwọn fúnra wọn. Àjọ náà kò fún wọn lówó páìpù. Ohun tí wọ́n fún wọn ni ẹni tó mọ ìwọ̀n: ó wọn ilẹ̀, ó ya àwòrán, ó ṣírò iye tí yóò ná wọn, ó sì yá wọn ní irinṣẹ́. Nítorí pé agbaṣẹ́ṣe kò jẹ èrè lórí rẹ̀, owó náà wálẹ̀ débi tí tálákà fi lè san án. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún òpópónà ló tẹ̀ lé wọn.

Ìwọ̀n ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Páìpù oníǹsì mẹ́rin tó ń gbé omi ìdọ̀tí ní láti máa wọlẹ̀ ní nǹkan bíi mítà kan nínú 40. Ní mítà 30, yóò ti wọlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 75. Bí púlọ́ńbà bá fi ojú wọ̀n ọ́n, tó tẹ́jú jù, ìdọ̀tí á dúró, omi á lọ. Táǹkì ìdọ̀tí tó yẹ fún ilé mẹ́wàá náà gbọ́dọ̀ ní yàrá méjì, kó tóbi tó láti gba omi ọjọ́ méjì, ìyẹn lítà 11,200, kó sì tún ní àyè fún ẹrẹ̀ tó ń silẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi wá fà á. Olóúnjẹ gbọ́dọ̀ ní kòtò kékeré tó ń dá òróró àti ọ̀rá dúró kí omi rẹ̀ tó wọ páìpù àjọni, ẹni tó ń fọ mọ́tò sì gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀ fún ọ́ìlì. Ẹni tí kò bá ní in, kí wọ́n má so ó pọ̀ mọ́ wọn.

Ibi tí omi náà yóò ti rin wọlẹ̀ ló kù, àyẹ̀wò rẹ̀ sì rọrùn. Ẹnjiníà yóò gbẹ́ kòtò kékeré kan sí ìjìnlẹ̀ tí sọ́kàwéè yóò dé, yóò bu omi kún un, yóò fi í sílẹ̀ mọ́jú, yóò tún bu omi sí i lọ́jọ́ kejì, yóò sì fi rúlà àti aago wọn bó ṣe ń wálẹ̀. Oṣù kìíní ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́lé, ìgbà náà ni wọ́n sì máa ń ṣe é, nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ tí ohunkóhun sì lè rin. Oṣù keje tàbí oṣù kẹwàá ni kí wọ́n ṣe é, nígbà tí omi abẹ́lẹ̀ ti gòkè. Bí omi bá ṣì dúró nínú kòtò náà lọ́jọ́ kẹta, sọ́kàwéè kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ẹnjiníà sì ya àwòrán mìíràn kí wọ́n tó ra búlọ́ọ̀kù kan.